Ìwọ̀n Tí Mo Wọ̀n Lórí Irun Ṣùkú

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, nínú yàrá ìgbàlejò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí irun ọmọbìnrin mi fún ìsìn ọjọ́ kejì. Ṣùkú ni mo dì fún un, mo kó gbogbo rẹ̀ jọ sí àárín orí, ó ga sókè bí agbọ̀n kékeré. Bí mo ṣe ní kó dìde, ó sáré lọ sí ara férémù ilẹ̀kùn, níbi tí a ti máa ń fi pẹ́ńsù sàmì sí gíga rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rìn. Ó fẹ̀yìn tì í, ó gbé rúlà lé orí, ó fa ìlà.

"Mọ́mì, ẹ wá wò ó! Mo ti ga ju ti ọjọ́ ìbí mi lọ!"

"Irun ẹ lo wọ̀n yẹn," mo dá a lóhùn, mo ń rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ìwọ."

Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi rántí ọmọ kan tí mo wọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Mo jókòó padà sórí àga, òòyà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà bi mí bóyá orí ń fọ́ mi. Mo ní rárá.

Iṣẹ́ mi ni láti máa wọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí kan ní Àgọ́-Ìwòyè lórí àwọn ọmọdé tí wọn kì í dàgbà bó ṣe yẹ, ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ga dé èjìká ìyá wọn, tí òun ṣì dà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. A máa ń wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, oṣù mẹ́fà sí ara wọn. Èyí tí kò bá fi bẹ́ẹ̀ ga láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó ya fọ́tò egungun ọwọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èròjà tó ń mú ara dàgbà ni kò tó lára rẹ̀, yóò máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá ga dáadáa, a ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, a ó sì bá ìyá rẹ̀ yọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, èmi ni mo yọ orúkọ ọmọbìnrin kan kúrò, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Òde-Omi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n ti gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti gbogbo ọmọ iléèwé rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, irun rẹ̀ ti hù, ìyá rẹ̀ sì ti múra fún un bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn Àjíǹde: aṣọ tuntun, yẹtí, àti ṣùkú tó dúró ṣánṣán lórí. Mo rí irun náà. N kò lè purọ́ pé n kò rí i. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n tú u, ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà ń wo ojú mi, ó ń retí pé kí n yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì mọ bí irun bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń gba odindi ọjọ́ kan. Bí mo bá ní kó tú u, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé mo ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Mo ní, "Irun yìí mà rẹwà o." Mo fa ìdérí pákó ìwọ̀n tí ọmọ náà fẹ̀yìn tì wá sílẹ̀ lé e lórí, mo tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le lọ́wọ́ mi, mo gbà pé orí ni mo dé yẹn. Mo kọ iye tí mo rí. Ó dára púpọ̀. Ìyá náà kígbe "Jésù!" ó sì kúnlẹ̀ sínú yanrìn.

Nísinsìnyí mo fi ìka mi wọn ṣùkú orí ọmọ tèmi. Ó tó gíga tí mo sọ pé ọmọ Òde-Omi fi ga sí i, ó tún lé díẹ̀.

Iléèwé ìjọ ni mo lọ, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un títí di òní. Olùkọ́ wa obìnrin kì í jẹ́ kí a ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kankan láìgbàdúrà. Ó ní ẹni tó ń kọ ohun tí ẹlòmíràn máa gbà gbọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ Ọlọ́run kó ṣọ́ ọwọ́ òun. Àṣà yẹn kò kúrò lára mi. Mo gbàdúrà kí n tó ṣí ìwé ní ọjọ́ yẹn. Mo gbàdúrà tán, mo sì wọn irun.

Mo pe dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wa. Mo ṣàlàyé.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé irun ni?"

"Kò dá mi lójú, sà. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn."

"Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni orúkọ àwọn ọmọ tí a máa yẹ̀ wò máa lọ. Tó bá ti lọ, n kò lè fi ẹnikẹ́ni kún un mọ́. Tún un wọ̀n kó tó dìgbà yẹn."

Mo pe ìyá ọmọ náà. Kó tó di pé mo la ẹnu, ó ti ń da ọ̀rọ̀ lu ara wọn. "Antí nọ́ọ̀sì! Ọ̀la ni ìdúpẹ́ wa o! Dede wa, gbogbo ilé, la máa wọ funfun! Ẹ máa bọ̀ o!" Mo ní mò ń bọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì já. Òótọ́ ni pé mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tí mò ń bọ̀ wá ṣe, n kò sì tún pè é.

Ọjọ́ Àìkú yẹn jẹ́ ti Oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. N kì í pa á jẹ. Ilẹ̀ ń mọ́ ni mo kúrò nílé, mo yà ní Àgọ́-Ìwòyè láti gbé pákó ìwọ̀n, mo sì ń wọ ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Mò ń ka Sáàmù lábẹ́ ahọ́n, mo ń gbàgbé ibi tí mo dé, mo ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí a dé Ìbíadé, mo ti yọ ìwé àkọsílẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni pé iye tó wà níbẹ̀ máa yí padà fúnra rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, mo gbé pákó náà lé orí itan, mo fi ọ̀rá wé e. Ọkùnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja lọ́wọ́ wò ó títí.

"Ìyá, ilẹ̀kùn ta lẹ yọ gbé?"

"Mo fi ń wọn ọmọ ni."

"Ẹ wọn tèmi fún mi. Ó ń jẹun bí ẹni mẹ́ta, kò sì ga!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wá.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ti ń ṣe ìdúpẹ́ náà, orin ti ń lọ lọ́wọ́. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, mo rọra jókòó lẹ́yìn. Ìyá ọmọ náà wà níwájú nínú aṣọ funfun, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà funfun rẹ̀ dúró lórí ṣùkú kan náà bí àgọ́. Ó rí mi. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n ló dé yìí! Ẹ wò ó, Ọlọ́run rán ẹlẹ́rìí mi wá!"

Gbogbo ìjọ yíjú sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n wá síwájú, mo sì lọ. Bàbá tó ń darí ìsìn ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ohun tí mo lè sọ láìpurọ́ kò pọ̀. Mo ní, "Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ yìí." Wọ́n ké halelúyà. Mo jó díẹ̀ pẹ̀lú wọn, ẹsẹ̀ mi wúwo.

Ilé wọn ni mo ti sọ ọ́, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irun ni mo wọ̀n. Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ju ìyá náà lọ ní ọjọ́ orí. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, lé irun náà gan-an.

"Ẹ rí i pé irun wà níbẹ̀?"

"Mo rí i."

"Ẹ yìn mí. Ẹ ní ó rẹwà."

"Ó rẹwà, Ìyá ọmọ. Ojú ló tì mí láti ní kí ẹ tú u."

"Ọmọ mi ti ga!" Ó dìde. "Mo ti dúpẹ́. Gbogbo ìlú ti gbọ́. Ṣé kí n lọ gba ọpẹ́ mi padà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni? Ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ mi má ga ló rán yín."

Mo dìde. Mo sọ fún un pé bí a kò bá wọ̀n ọ́n lónìí, ọ̀la ni ilẹ̀kùn máa tì, ọmọ náà kò ní rí àyẹ̀wò, kò ní rí abẹ́rẹ́. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ga, èmi náà á jó tọkàntọkàn. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ọmọ náà ni ó sọ̀rọ̀. Ó ti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà rẹ̀.

"Mọ́mì, bàtà ọdún tó kọjá nìyí," ló wí. "Kò fún mi lẹ́sẹ̀. Ti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fún wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ti kó o fún àbúrò wọn."

Ìyá rẹ̀ kò yíjú.

"Mo mọ̀ pé n kò ga. Inú yín dùn ni n kò fi sọ."

Ó pẹ́ kí ìyá náà tó rìn. Ó wọlé, ó mú òòyà jáde, ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọmọ sáàárín orúnkún rẹ̀. Mo nawọ́ láti ràn án lọ́wọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo dì í." Ó ń tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́kọ̀ ti ń kígbe létí omi pé òun ń lọ. Bí ìyá náà ṣe ń tú u ni orí ọmọ náà ń kéré sí i lójú wa. Nígbà tó tú èyí tó kẹ́yìn, ó fi ọwọ́ pa irun náà mọ́lẹ̀, ó pa á mọ́lẹ̀ gan-an, ju bí èmi ì bá ti ṣe lọ.

Mo gbé pákó dúró. Gìgísẹ̀ kan pákó, ìdí kan án, ẹ̀yìn orí kan án. Mo fa ìdérí sílẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, bí òfin iṣẹ́ wa ṣe sọ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà ni mo ní kó wo iye náà pẹ̀lú mi, lójú ara rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé orúkọ rẹ̀ á wọlé?"

"Á wọlé. Èmi fúnra mi ni mo máa gbé e lọ."

"Ẹ lọ nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ fi yín sílẹ̀."

Mo dé Àgọ́-Ìwòyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo fa ìlà kan ṣoṣo sórí iye àkọ́kọ́ kó ṣì ṣeé kà, mo kọ ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kọ ohun tó fà á, mo sì fọwọ́ sí i. Dókítà kà á. Ó ní kí n lọ sùn, ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn títí èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fi jáde. Ohun tí a rò gan-an ni: èròjà tó ń mú ara dàgbà kò tó lára rẹ̀. Ó ti ń gba abẹ́rẹ́ báyìí. Bóyá yóò ga dé ibi tí ìyá rẹ̀ ń retí, n kò mọ̀, àdúrà mi sì ni lójoojúmọ́. Láti ìgbà yẹn ni òòyà ti wà nínú báàgì iṣẹ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àkọsílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá sí Àgọ́-Ìwòyè fún ìwọ̀n tó tẹ̀lé e, mo ti mú òòyà náà jáde. Ìyá náà ká gèlè kékeré tó wà lórí ọmọ rẹ̀ kúrò. Ó ti gẹ gbogbo irun náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ dá òòyà yín padà sínú báàgì, antí nọ́ọ̀sì," ó ní. "Ẹ ò ní rí nǹkan kan yìn lónìí. Ẹ wọ̀n ọ́n."