Abọ́ Ṣọ́jà Tí Mo Máa Ń Fọ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, abọ́ kan wà nílé wa ní Ekurede-Urhobo tí mo kórìíra ju pàṣán bàbá mi lọ. Abọ́ ṣọ́jà ni. Kò tóbi, irin ni, ó sì ní ọwọ́ tí wọ́n ń ká mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojú mi rí màbo lórí abọ́ yẹn.

Àbúrò bàbá mi ló ni ín. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bímọ, ló bá gbé ọmọkùnrin náà fún ìyá mi tọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá kí wa láti ojú ogun. Bó ṣe fẹ́ padà, ó fa abọ́ yìí yọ nínú báàgì, ó ní wọ́n ti fún òun ní tuntun, ó wá sọ fún ìyá mi pé, "Ìyàwó wa, inú èyí ni kí ọmọ mi ti máa jẹun títí n ó fi dé." A ò fojú kàn án mọ́ títí dòní.

Ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn di òfin. Àwa ọmọ mẹ́rin tó bí, inú abọ́ kan la ti jọ ń jẹun, ọwọ́ ń gbá ọwọ́. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí láyé ìgbà yẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹja títí òkèlè á fi tán, ẹni tó bá ṣe ojúkòkòrò á gba ìkó lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́jà á jókòó sídìí ògiri pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a du nǹkan kan, orí ẹja á sì wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Orí ẹja o! Bàbá mi tó fowó ra ẹja kì í rí i jẹ. Tí mo bá ráhùn, ìyá mi á ní, "Ṣé o fẹ́ kí bàbá tìẹ náà lọ sógun ni?" Kí n má parọ́ fún yín, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Owú ni mò ń jẹ. Mo ń jowú abọ́, mo ń jowú orí ẹja, èyí tó wá dùn mí jù ni pé "ọkọ mi" ni ìyá mi máa ń pe ọmọ yẹn, èmi tó fi inú rẹ̀ bí, "ìwọ yìí" ni mò ń jẹ́. Tá a bá sì jẹun tán, ta ni yóò fọ abọ́ ṣọ́jà? Èmi náà ni! Eérú ni mo fi ń ha á. Àbúrò bàbá mi ti fi ìṣó kọ nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ sídìí abọ́ náà. Kíláàsì kejì ni mo wà, mo ti mọ nọ́ńbà kà, ọmọ yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka nọ́ńbà yẹn tìbínú-tìbínú bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀, mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí n jẹ orí ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kí n má da òun láàmú. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, mo gbé abọ́ náà lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́, mo sọ ọ́ sí ṣáláńgá. Mo gbọ́ nígbà tó bọ́ jàbú sísàlẹ̀.

Wọ́n wá abọ́, wọ́n wá a tì. Ìyá mi ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé e. Ọmọ náà ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi ní kó wá bá wa jẹ nínú abọ́ tiwa. Mo rò pé inú mi á dùn. Ṣíọ̀! Inú dídùn wo? Òun náà ni wọ́n ṣì ń fún ní orí ẹja.

Ọmọ yẹn ti di bàbá àgbà báyìí, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Ekpan ló ń gbé. Lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi láti Ugbolokposo pẹ̀lú ìwé àti fóònù. Ó ń kọ orúkọ àwọn tó ṣe ṣọ́jà nínú ẹbí wa nígbà ogun, torí bàbá rẹ̀ fẹ́ mọ ibi tí bàbá tòun ṣubú sí kí òun náà tó kú. Wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn ológun. Wọ́n ní orúkọ nìkan ò tó, àwọn tó ń jẹ́ ẹ pọ̀, kí wọ́n lọ wá nọ́ńbà rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ òjò ti ba gbogbo ìwé inú àpótí ìyá mi jẹ́.

Ó ní, "Big Mummy, na only you remain. You no remember anything at all?"

Ẹ wá wo èmi àgbàlagbà. Kí àánú tó ṣe mí, owú ti dé. Ẹni tó lọ ni gbogbo wọn ń wá kiri. Bàbá mi tó dúró, tó ń ta táyà kẹ̀kẹ́, tó fi bọ́ ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ẹni tó lọ, ta ló kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé? Mo ní mi ò rántí nǹkan kan. Ó ní, "No wahala, Ma," ó kó ìwé rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí abọ́ sọnù.

Ìjà ìlara kì í tán bọ̀rọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́ta ọdún! Kó tó dé géètì, mo pè é padà, mo ní kó máa kọ ọ́. Mo dijú, mo ń fi ìka ha àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni ń fọ abọ́, nọ́ńbà náà sì jáde látòkè délẹ̀, ẹyọ kan ò dín. Ó béèrè pé báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ṣáláńgá, mo sì ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, àbúrò mi, ọmọ ṣọ́jà náà, dá wá. Mo ti ro stáàṣì, òkèlè ẹ̀gẹ́ tá a máa ń jẹ lọ́dọ̀ wa, mo ti se ọbẹ̀ ẹyìn, mo bu tiwa sí abọ́ méjì. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó dì mí mú. Ó wo abọ́ méjèèjì, ó gbé tirẹ̀, ó dà á sínú tèmi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́. Nígbà yẹn, èmi nìkan ni mò ń jókòó sídìí ògiri, ẹ̀yin ń gbá ara yín lọ́wọ́, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni mò ń jowú."

Mo fọwọ́ bọ abọ́ náà, a jọ ń jẹ. Láyé tiyín báyìí, gbogbo ọmọ ló ní abọ́ tirẹ̀, ọ̀kan á wà ní pálọ̀, ọ̀kan á wà ní yàrá, kálukú ń wo fóònù jẹun. Tí mo bá ní kí ẹ wá jẹ nínú abọ́ kan, ẹ ó ní, "Grandma, germs dey." Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbá ọwọ́ ẹnì kejì mọ́. Ní ti nọ́ńbà, àbúrò mi àti ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ fún àwọn ológun, wọn ò tíì dá wọn lóhùn, a ṣì ń retí.

Bí stáàṣì ṣe tán lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi nawọ́, ó mú orí ẹja. Mo rí i. Ó tún dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Mo jẹ́ kó mú un.