Àdúrà Ìrìnàjò Lójú Agbami

Bí mo bá ti gbọ́ "Ẹ jẹ́ ká dìjú wa," inú á kọ́kọ́ bí mi ná. Ẹ̀bi bọ̀dá, àbúrò ìyá mi, ni, tíṣà ará Èkìtì tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìgàndó. Géèmù kan wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, ti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́, tá a ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òróró ólífì lọ tà. Àwọn ajalèlókun wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun onímú idẹ. Kí ọkọ̀ wa ṣá ti kúrò ní èbúté, bọ̀dá á dìjú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìrìnàjò, wọ́n á sì fọwọ́ bo kíbọ́ọ̀dù kí n má baà fọwọ́ kàn án.

"Bọ̀dá, àwọn ajalèlókun ti ń bọ̀ o!"

"Àmín ni kó o máa ṣe."

Gbàà! Imú idẹ ti wọ ọkọ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òróró ti ṣòfò.

"Ẹ máa gbàdúrà yìí kí ọkọ̀ tó gbéra, jàre!"

"Ọkọ̀ Èkìtì wo lo wọ̀ rí tí wọ́n gbàdúrà kó tó gbéra? Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbà á."

Lọ́sàn-án Sátidé kan tí wọ́n lọ sípàdé ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan tu ọkọ̀ náà. N ò gbàdúrà kankan. Mo la ojú mi méjèèjì sílẹ̀. Gbàà! Bó ṣe ń rì lọ́wọ́ ni bọ̀dá wọlé. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí.

"Ìwọ tó o lajú sílẹ̀ ńkọ́?"