Fíúsì Inú Àpò Bàbá Oníná

Bí fáànù bá ń dún lórí mi, bàbá oníná tí a jọ ń gbélé ní Agbowó ni mo máa ń rántí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà, wọ́n á kọ́kọ́ yọ fíúsì, wọ́n á fi í sápò. Wọ́n á ní, “Iná ò mojú ẹni tó ń tún un ṣe.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gun àga láti tú fáànù mi wò. Iná ti lọ láti ìjẹta. Mo ní, “Bàbá, fíúsì ńkọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Iná wo ló wà níbẹ̀?”

Kò pẹ́, gbogbo àgbàlá hó yèè: “Iná dé o!” Èmi náà ti pàtẹ́wọ́ fún iná tó pa wọ́n kí n tó gbọ́ tí àga ṣubú.