Ata Tí Mo Fọ Gbòǹgbò Rẹ̀

Ọ̀rá dúdú kan ni Mama fi bo gèlè rẹ̀, òjò wínníwínní sì ń ta lé e lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọkọ́ kékeré bọ abẹ́ ata, ó sì gbé e sókè tòun ti ìṣù ilẹ̀ pupa tó wà ní ìdí rẹ̀. Ó gbé e sínú abọ́ ńlá tí mo dì mú, ó tún bọ́ sórí èyí tó kàn. Kò gbójú sókè. "Gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé mi, kó o tètè padà," ló wí. Ilẹ̀ ń rùn bí ìkòkò omi tuntun, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ojúlé kejì sí tiwa ní Orozo, lẹ́bàá Abuja, ni Mama ń gbé. Òun kọ́ ló bí bàbá mi tàbí ìyá mi. Ọmọ ilẹ̀ Okun ni, ní Kogi, àwa sì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Mama, n kò sì mọ orúkọ mìíràn fún un títí di òní. "Okun o" ló fi ń kí gbogbo èèyàn, ì báà jẹ́ Gwari, ì báà jẹ́ Hausa, wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Kì í pariwo, àmọ́ ó mọ èèyàn-án fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ń sọ Yorùbá tí mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀, á ní, "Ìyáàfin, ẹ kú àbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù." Bẹ́ẹ̀ ọjà Kugbo ní Abuja tí a ti lọ ra bẹ́ẹ̀dì ni ibi tó jìnnà jù tí mo dé lọ́dún yẹn.

Ilẹ̀ kan wà láàárín ilé wa àti tirẹ̀, tí ẹnìkan tó ń gbé nínú ìgboro Abuja rà tí kò tíì kọ́ nǹkan kan sí. Bí ìṣe gbogbo ará Orozo, Mama kò jẹ́ kí ilẹ̀ náà sùn lásán. Ó gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó gbin ilá àti àgbàdo díẹ̀. Àmọ́ ara ata ni ojú rẹ̀ wà. Ata rodo kan ni, tí ìyá rẹ̀ ń gbìn nílé nígbà ayé rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán ju ti ọjà lọ. Nínú gbogbo ẹbí wọn, kò sí ẹlòmíràn tó tún ń gbìn ín. Lọ́dún yẹn ló gbin gbogbo irúgbìn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí irúgbìn ata tó bá pẹ́ jù kì í hù mọ́. Bí èyí tó hù bá kú, ata náà ti tán nìyẹn. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, nínú ọlidé oṣù Kẹjọ, máígádì tó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Sànnu, Mama. Oga say tipper go bring sand tomorrow morning. Na that side dem go pour am." Ìdí ata gan-an ló nawọ́ sí.

"Yauwa. Nagode," ni Mama fi Hausa dúpẹ́. Ilẹ̀ ọlọ́nílẹ̀ ni, kò bá a jiyàn.

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Mama wo ojú ọ̀run. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn kò yọ. Òjò kò rọ̀ dáadáa, kò sì dá, atẹ́gùn sì tutù nini. "Ọlọ́run bá mi ṣe é," ó wí. "Bí oòrùn bá wà tí mo hú ata wọ̀nyí, wọn ò ní yè. Irú òní yìí, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé àwọn kó kúrò nílé. Lọ sọ fún ìyá rẹ pé mo fẹ́ yá ọ."

Ó ti ro ilẹ̀ tóóró kan lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ètò wa ni pé òun á máa hú, èmi á máa gbé, tí a bá gbé e tán, òun á wá gbìn ín. Nígbà tí mo gbé abọ́ àkọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, mo wo ata yẹn, ẹrẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Nílé wa, ìyá mi kì í jẹ́ kí ewé kankan kan iná láìjẹ́ pé a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ omi wà lábẹ́ táǹkì Mama. Mo ṣí i, mo kó ata sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń fi ìka ra gbòǹgbò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi funfun. Mo tò wọ́n sórí àpò sìmẹ́ǹtì, mo lọ gbé òmíràn. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo fọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Mama dé pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ó dúró.

"Mama, mo ti fọ gbogbo ẹ̀," ni mo wí. "It's very clean."

Ó mú ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ta ló ní kó o fọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, Mama. Ó dọ̀tí ni."

Ojú rẹ̀ yí padà, ẹ̀rù sì bà mí gan-an, nítorí n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé á gbá mi létí. Dípò ìyẹn, ó kúnlẹ̀, ó po ẹrẹ̀ sínú abọ́ títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, ó ń ki gbòǹgbò bọ̀ ọ́. Ó fi ọ̀bẹ gé ìdajì ewé wọn dànù. "Àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ tó o fọ̀ dànù yẹn lẹnu rẹ̀," ó wí. "Ewé tó bá pọ̀ á máa bèèrè omi, ẹnu tó fẹ́ fi mu ún ò sí mọ́." A gbìn wọ́n, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n lórí.

Ibẹ̀ ni ìyá mi bá wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ṣe, ó gbé ọwọ́ sókè. "Irú ọmọ wo lèyí! Ata tí Mama ń ṣọ́ bí ẹyin ojú!"

"Fi í sílẹ̀," ni Mama wí. "Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Èmi ni mo rán an níṣẹ́ tí mi ò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àṣìṣe mi ni."

"Háà, Mama, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Àṣìṣe mi ni, mo ní."

Lọ́jọ́ kejì, típà da yanrìn sórí ilẹ̀ yẹn, kò ku ewé kan níbẹ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, ata rọ, wọ́n dorí kodò. Láràárọ̀ ni mo ń lọ wò wọ́n, kò sẹ́ni tó rán mi. Nígbà tí oòrùn padà yọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbẹ. Mo sunkún lórí wọn, Mama sì ń fà wọ́n tu. Mẹ́rin péré ló yọ ewé tuntun. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, Mama sá irúgbìn wọn gbẹ, ó fún ìyá mi nínú rẹ̀, ó fún máígádì náà. Ó ní òun nìkan ò tún ní dá irúgbìn náà tọ́jú mọ́ láé.

Mama ti padà sí Kogi sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Èmi ti di tíṣà báyìí, ọmọ kékeré ni mò ń kọ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú wọn kì í fi tọkàntọkàn ba nǹkan jẹ́. Bí inú bá ti fẹ́ bí mi, mo máa ń bi ara mi pé kí ni mi ò sọ fún ọmọ yìí? Mo sábà máa ń rí i. Ohun tó ṣòro fún mi ni kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá ọmọ bá dé, tó ń bínú sí ọmọ rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń dákẹ́, kí ọmọ gba ẹ̀bi. Mama kò dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ata ìyá rẹ̀ ni, ó sì ń kú lọ lójú rẹ̀.