Ẹ̀gbọ́n Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ṣọ́

Bí ẹ bá dé Adum nílẹ̀ Ashanti, tí ẹ béèrè Sàbírátù oníbọ́tìnnì, wọn yóò nawọ́ sí obìnrin kúkurú kan tó jókòó sáàárín sípù, òwú àti rọ́bà ṣòkòtò, tó ń fi ẹ̀rín bá oníbàárà jà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, Krofrom ni wọ́n bí òun sí. Ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ kan òun wà níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún, ohun tí kò jẹ́ kí òun ga nìyẹn.

Bọ́tìnnì ló gbé e dé ẹgbẹ́ eléré. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Ashanti New Town kó ara wọn jọ, wọ́n ń ṣeré orí ìtàgé nígbà Iléyá àti nígbà Kérésì. Iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n fi ṣe o, ìfẹ́ rẹ̀ ló wà lára wọn: oníṣòwò ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, wọ́n sì ń lo gbọ̀ngàn ilé ìwé kan lópin ọ̀sẹ̀. Bọ́tìnnì já lára aṣọ ọba, wọ́n pe Sàbírátù kó wá rán an. Ó rán an tán, kò sì padà sílé mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, pé òun yá ẹgbẹ́ eléré ní ìyàwó, wọn ò dá a padà.

Nígbà tó yá, òun ni wọ́n fi ṣe olùṣọ́ àwọn ọmọdé ẹgbẹ́. Ohun tó fà á ni pé ní ọjọ́ kan tí wọ́n parí ìdánrawò, gbogbo àgbà ti lọ sílé kí Sàbírátù tó rí ọmọbìnrin kékeré kan tó dá dúró lẹ́nu géètì, tí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú bá. Kálukú rò pé ẹlòmíràn ti mú un lọ. Ọmọ gbogbo wa ni, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò sí ẹni tó rántí pé ọmọ òun ni. Inú bí Sàbírátù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jẹun alẹ́. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n lọ bá òun pe Efua, obìnrin Fante kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń rí sí àlàáfíà àwọn ọmọdé àti àwọn tí kò lè gbèjà ara wọn. Efua wá, ó jókòó tì wọ́n, ó sì là wọ́n lọ́yẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọmọdé kì í pààrọ̀ aṣọ àyàfi ní yàrá tiwọn, tí ìyá méjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù kì í wọ ibẹ̀. Àgbàlagbà kan kì í dá mú ọmọ ọlọ́mọ wọ takisí. Àwọn kan kùn pé Sàbírátù ti sọ eré di ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni wọ́dà, kí wọ́n yáa jókòó.

Gbogbo rẹ̀ dára. Àfísù nìkan ló ṣẹ́ kù, kò sì sí ẹni tó rí i pé ó ṣẹ́ kù.

Àfísù ni ọmọ Hàjíà Àmọ̀pé tó ń ta òrí ní Krofrom. Ibà líle kan mú un nígbà tó wà lọ́mọdé. Ara rẹ̀ dàgbà, irùngbọ̀n hù, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ dúró síbi tí ibà náà ti bá a. Tíṣà Sàlámì, olórí ẹgbẹ́, ló mú un wọ eré, ó fi ṣe aláàárù tó máa ń gbé ẹrù lọ sí ilé tí wọn kò rán an. Gbólóhùn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ sí ìtàgé, gbogbo gbọ̀ngàn a máa hó yè. Kí ó tó di eléré, àwọn ọmọ Krofrom a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọn a máa fi í ṣẹ̀sín. Ní báyìí wọ́n ń dúró kí i, "Aláàárù, ẹ káàárọ̀ o," òun náà a sì dá wọn lóhùn bí olóyè. Ìyá rẹ̀ sọ pé láti ìgbà tó ti ń ṣeré ló ti ń sùn wọra.

Àfísù fi ọdún bíi mélòó kan ju Sàbírátù lọ. Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n ni Sàbírátù ń pè é, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọmọ Yorùbá inú ẹgbẹ́. A kì í díwọ̀n òye àgbà kí á tó kúnlẹ̀ kí i. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì yẹ kí á yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yìí náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Ta ni yóò bi ẹ̀gbọ́n léèrè pé níbo lo ti ń bọ̀? Ta ni yóò sọ fún onírùngbọ̀n pé kó wá jókòó ti àwọn ọmọdé? Yàrá àwọn ọkùnrin ni wọ́n ní kó máa lọ pààrọ̀ aṣọ, òfin Sàbírátù kò sì dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí eré Iléyá ń sún mọ́, Àfísù dé, ó wọ jàlàbíà funfun. Sàbírátù fẹ́ bá a tún ọrùn aṣọ náà ṣe, ló bá rí àkísà aláàárù lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé láti ilé lẹ ti wọ aṣọ eré wá ni?"

"Òtútù ń mú mi," Àfísù dáhùn.

Oòrùn ọjọ́ náà lè yan àgbàdo. Òógùn ń ṣàn létí Àfísù. Sàbírátù fẹ́ béèrè sí i, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ṣé ó yẹ kí obìnrin máa tú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò nítorí aṣọ abẹ́? Ó dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún wọ aṣọ méjì wá, nígbà tí wọ́n sì parí eré, aṣọ méjèèjì náà ló wọ̀ lọ sílé nínú ooru. Sàbírátù tún dákẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Moríyọ̀, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó wá bá a ní ìsọ̀ ní Adum, ó na fóònù sí i, kò rẹ́rìn-ín.

"Mama, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nǹkan tí wọ́n ń pín kiri."

Inú yàrá àwọn ọkùnrin ni. Àfísù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé nìkan, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà. Ẹnì kan ń da páúdà sí i lórí, ó ń sọ pé kó jó, kó sọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Àfísù ń jó. Ojú rẹ̀ kò sí nínú ijó náà rárá. Ohùn tó ń pàṣẹ fún un yẹn, Sàbírátù mọ̀ ọ́n dáadáa: Tolúwani ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Nàìjíríà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dára lójú, tó mọ eré í ṣe ju gbogbo wọn lọ, òun ni wọ́n sì fi ṣe ọba nínú eré Iléyá. Àìmọye ènìyàn ti wo fídíò náà, wọ́n ń fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

"Inná lillahi," Sàbírátù wí. Ó pa ìsọ̀ dé ní ọ̀sán gangan, ó wọ ọkọ̀ tírótírò lọ sí Krofrom. Ìdí aṣọ méjì yẹn ti wá yé e. Ojú tì í, inú sì bí i, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ó bá Àfísù àti ìyá rẹ̀ níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀ kí Hàjíà, ó sì sọ ohun tó rí láìfi bò. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Àfísù.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Tolú ní eré ni," Àfísù wí. Ó ń wo ilẹ̀. "Tíṣà sọ pé nínú eré, a kì í sọ pé mi ò ṣe."

Òótọ́ ni, Tíṣà Sàlámì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀lẹ tí kò fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ wọn sórí. Ta ló mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gbà á gbọ́ délẹ̀délẹ̀? Hàjíà Àmọ̀pé fi gèlè nu ojú.

"Ọmọ mi ò lọ síbẹ̀ mọ́," ó wí. "Sàbírátù, o ṣeun, ṣùgbọ́n ó tó. Kó jókòó tì mí níbí. Bí mo bá ń wò ó, walláhì, kò sẹ́ni tó máa da páúdà sí i lórí."

Àfísù gbọ́ ọ. Ó dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Sàbírátù mọ̀ pé bí ó bá kúrò níbẹ̀ báyìí, Àfísù ti padà di ẹni tí àwọn ọmọ àdúgbò ń tẹ̀ lé lẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n á ti fi ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ó bẹ Hàjíà pé kó fún òun láyè díẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Efua lọ, láti ibẹ̀ ó lọ sọ́dọ̀ Tíṣà Sàlámì.

Tíṣà wo fídíò náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí ọmọ yìí ṣe kò dára. Ṣùgbọ́n Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, òun sì ni ọba wa. Ẹ jẹ́ ká ṣeré tán ná, ká tó bá a wí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra."

"Tíṣà, ọwọ́ òsì ọ̀hún ni mi ò tíì rí," Sàbírátù dá a lóhùn. "Ká ní Moríyọ̀ ọmọ mi ni wọ́n yà bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣé ẹ ó ní ká ṣeré tán?"

"Rárá."

"Kí wá ni ìyàtọ̀?"

Tíṣà Sàlámì tún awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ní kí wọ́n lọ pe ọmọ náà wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwọn àgbà ọjà yìí sì wà níbẹ̀ kedere, ọba inú eré ni wọ́n tẹjú mọ́.

Wọ́n pe Tolúwani. Ó kọ́kọ́ ní àwàdà ni, ó ní Bọ̀dá Àfísù fúnra wọn rẹ́rìn-ín. Sàbírátù ní kó wo fídíò náà lójú àwọn láìsí ohùn. Ó wò ó. Nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun jẹ̀bi. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, wọn kò sì bú u. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú eré, wọ́n sì sún eré síwájú títí ẹlòmíràn yóò fi kọ́ ipa ọba. Efua bá wọn lépa fídíò náà títí wọ́n fi pa á rẹ́ níbi tó ti jáde, ó sì sọ fún Tolúwani pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ òun, kò parí síbi ìdọ̀bálẹ̀. Sàbírátù mọ̀ pé fídíò náà ti dé àwọn fóònù tí kò sẹ́ni tó lè dé mọ́. Ìyẹn dùn ún títí di òní.

Efua náà ló lọ sí Krofrom. Kò kọ́kọ́ bá Hàjíà sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àpótí níwájú Àfísù, ó sì bi í léèrè pé, "Àfísù, wo deɛ, wopɛ deɛn?" Kí ni ìwọ fẹ́? Sàbírátù tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ogiri ronú títí, kò rántí ọjọ́ tí òun bi í bẹ́ẹ̀ rí, tòun ti gbogbo ìkúnlẹ̀ òun.

"Mo fẹ́ ṣe aláàárù," Àfísù wí. "Mi ò fẹ́ yàrá yẹn."

Hàjíà Àmọ̀pé gbọ́. Ó ní kó máa lọ.

Wọ́n wá yàrá kékeré kan fún un, Táhírù tó ń tún iná ṣe lórí ìtàgé, ẹni tí Àfísù fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí, sì ń dúró fún un lẹ́nu ọ̀nà. Òfin fóònù dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, onírùngbọ̀n àti ẹni tí kò ní. Tíṣà Sàlámì dúró níwájú ẹgbẹ́, ó ní òun gba ọ̀rọ̀ òun padà: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò fẹ́, ọmọdé lè sọ ọ́ fún àgbà, ìyẹn kì í ṣe àfojúdi. Ó ní kí wọ́n fi dánra wò. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ ju eré lọ, wọ́n ń pariwo "mi ò fẹ́" káàkiri gbọ̀ngàn títí àwọn ìyá wọn fi ní Efua ti ba ilé àwọn jẹ́. Ó kan Àfísù. Ó la ẹnu, ó wo ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá, ẹni tó tọ́ ọ pé kó má kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu, ó pa ẹnu dé. Wọn kò fipá mú un. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, kò sọ ọ́.

Ọjọ́ eré pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́múdẹ́mú. Sàbírátù ń sáré kiri bí ó ti máa ń ṣe, ó so èyí, ó gán tọ̀hún, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Àfísù lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Òógùn bò ó níwájú orí. Sàbírátù fa áńkáṣífù yọ, ó na ọwọ́ sí ojú rẹ̀ kó nù ún.

Àfísù di ọwọ́ náà mú.

"Daabi," ó wí. "Mi ò fẹ́."

Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé yíjú sí wọn. Ó dun Sàbírátù, ẹ má jẹ́ ká purọ́, nítorí nínú gbogbo ènìyàn tó yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, òun kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó wo ojú Àfísù. Ojú náà ń wá ojú rẹ̀ kiri, ó ń retí bóyá yóò bínú.

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n," Sàbírátù wí, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò.