Mítà Mẹ́tàlá Lójú Títì

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi dúró níwájú pátákó kan náà, kò sì sí ẹ̀wù rẹ̀ tí kò ní àbàwọ́n ṣọ́ọ̀kì lápá. Oníwọ̀n làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sóhun tí kì í wọ̀n. Ó ti fi òjìji wọn gíga igi tó wà lọ́gbà ilé-ẹ̀kọ́, ó ti ju òkúta sínú kànga kó lè mọ bó ṣe jìn tó. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, kò sì bínú. Lójú tirẹ̀, ènìyàn lè purọ́, ẹnu lè yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fara balẹ̀ wọ̀n kì í ṣojúsàájú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí. Ogún ọdún lọmọbìnrin náà, ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka gbogbo ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí àṣìṣe má bàa yọ́ wọ inú rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé. Láti kékeré, bó bá fẹsẹ̀ kọ àga, àga náà ló máa ń kí ní "pẹ̀lẹ́", kò ní wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi di orúkọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí Oníwọ̀n ṣe ń kọ nǹkan sójú pátákó, akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ yọjú sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ní kó jọ̀ọ́ jáde wá. Obìnrin yìí kì í kúrò nídìí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí Oníwọ̀n sì rí i pé ilẹ̀ ló ń wò, ara rẹ̀ ti sọ fún un kí ó tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mọ́tò ti gbá Pẹ̀lẹ́ nítòsí ibùdókọ̀. Orí rẹ̀ ló gbá kọ́nkéré etí títì. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó búlọ́ọ̀kù wá ló páàkì síbi tí kò yẹ, ó sì dí ojú ọ̀nà. Pẹ̀lẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó gba iwájú akẹ́rù náà kọjá kó lè sọdá, mọ́tò kékeré kan sì ń bọ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe ló wà á, ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Ó sọ fún sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tó wá wo ibẹ̀ pé eré òun kò tó àádọ́ta kìlómítà tí òfin gbà láyè lójú títì yẹn, pé bí òun ṣe rí ọmọ náà lòun tẹ bíréèkì. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbùdókọ̀ ló ní eré àsápajúdé ló ń sá. Ọ̀kan ní ọgọ́rùn-ún, òmíràn ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n sin Pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó Oníwọ̀n, tí kò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta pọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Pẹ̀lẹ́," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan ìwọ̀n. Ẹ lọ wọn eré ọkùnrin yẹn. Ẹ bá mi mú un."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú títì, Oníwọ̀n lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, káfíńtà kan tí ọwọ́ rẹ̀ le bí igi tó ń gé. Káfíńtà di orí téèpù mú, Oníwọ̀n ń fà á lọ. Ipa táyà náà ṣì hàn dúdú lórí ọ̀dà bí ìgbà tí wọ́n fi èédú fàlà. Sájẹ́ǹtì ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bẹ̀rẹ̀, síbi tí mọ́tò náà dúró sí, àti, ní àárín méjèèjì, síbi tó ti kan ọmọ náà. Oníwọ̀n gbé ẹsẹ̀ rékọjá àmì àárín yẹn, kò wolẹ̀. Mítà mẹ́tàlá ni ipa náà gùn. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tàlá náà ni.

Kò sí awo nínú ohun tó fẹ́ ṣe. Mọ́tò tó ń sáré ní agbára lára. Bí táyà bá ti há mọ́ bíréèkì, títì ni yóò máa di táyà mú, tí yóò máa jẹ agbára yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni ipa táyà yóò ṣe gùn tó. Ẹni tó bá ti mọ gígùn ipa náà, tó sì mọ bí títì ọ̀hún ṣe ń di táyà mú sí, kò sí bí awakọ̀ ṣe lè fi eré tó sá pamọ́ fún un.

Ó ku ìdìmú títì. Ó gé ògbólógbòó táyà, ó da kọ́nkéré sínú rẹ̀ títí ó fi wọn kílò mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gbé e lọ síbẹ̀, ó so ìwọ̀n onísípíríǹgì mọ́ ọn, ó sì ń wọ́ ọ lórí títì. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó. Ọkùnrin kan bi káfíńtà bóyá orí bàbá tó ń wọ́ táyà yìí ti dàrú ni, káfíńtà sì wò ó títí ó fi bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà méje ló wọ́ táyà náà, ìwọ̀n náà kò yà kúrò ní kílò méje. Ìdìmú títì jẹ́ méje nínú mẹ́wàá.

Lórí tábìlì ilé ìdáná ló ti ṣírò rẹ̀. Ó ti ń retí àádọ́rùn-ún. Àní ó ti mọ irú ohùn tí òun yóò fi sọ ọ́ ní kóòtù. Nígbà tó parí, ohun tó rí ni kìlómítà méjìdínláàádọ́ta láàárín wákàtí kan.

Ó ní òun ti ṣì í. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó tún un ṣe, méjìdínláàádọ́ta. Ó lọ bọ́jú, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Àṣé òótọ́ ni atún-fíríìjì-ṣe ń sọ. Oníwọ̀n ti ń kórìíra ọkùnrin náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ìkórìíra ọ̀hún ló fi ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Ní báyìí, kò mọ ibi tí yóò gbé e kà.

Káfíńtà nìkan ló kọ́kọ́ sọ fún. Káfíńtà ń fi èékánná họ etí tábìlì.

"Bí ìwọ̀n yẹn bá jẹ́ mẹ́jọ dípò méje ńkọ́?"

"Eré náà á di mọ́kànléláàádọ́ta."

"Ó ti rú òfin nìyẹn. Kọ mẹ́jọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n ò ka mẹ́jọ."

"Ta ló wà níbẹ̀, Tíṣà? Èmi àti ìwọ ni. Èmi rí mẹ́jọ."

Nígbà tí káfíńtà lọ tán, Oníwọ̀n kọ mẹ́jọ. Ó kọ ọ́ mọ́nímọ́ní, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó sì fàlà sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú ìwé náà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì wò, ó rí ọmọ kan tó yí nọ́ńbà kan padà kí ìdáhùn rẹ̀ lè bá tinú ìwé mu. Ó ti gbé bírò pupa sókè láti fagi lé e, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ilé, ó ya ojú ewé yẹn kúrò.

Nígbà tí ẹjọ́ atún-fíríìjì-ṣe dé kóòtù, wọ́n pe Oníwọ̀n wá jẹ́rìí, adájọ́ sì ní kó sọ iye tó rí. Ó sọ pé méjìdínláàádọ́ta. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adájọ́ fi ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kò ṣíjú wò ó. Wọ́n dá atún-fíríìjì-ṣe sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Níta, ọkùnrin náà sún mọ́ Oníwọ̀n, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," Oníwọ̀n ní. "Máa lọ sílé."

A gbọ́ pé atún-fíríìjì-ṣe ta mọ́tò náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, pé bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ kiri pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìyàwó Oníwọ̀n di ẹrù sínú báàgì kan. Kò pariwo. "Ọmọ tiwa lẹ lọ jẹ́rìí takò," ni gbogbo ohun tó sọ, ó sì gba ilé káfíńtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Oṣù méjì ni Oníwọ̀n fi dá gbé ilé. Búrẹ́dì àti tíì ló ń jẹ. Ó bẹ olùkọ́ mìíràn pé kó bá òun kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa eré àti bíréèkì, òun kò lè dúró níwájú wọn kí òun máa ya àwòrán mọ́tò.

Ṣùgbọ́n kò yé ṣírò. Ìbéèrè kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ká ní ogójì ni mọ́tò náà ń sá, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò gba ìdajì ojú ewé. Mítà mẹ́sàn-án ni ipa táyà ì bá gùn mọ. Awakọ̀ ì bá sì ti jèrè mítà méjì láàárín ìgbà tó fi rí ọmọ náà sí ìgbà tó tẹ bíréèkì, nítorí mọ́tò tí eré rẹ̀ kéré kì í rìn jìnnà láàárín ìgbà bẹ́ẹ̀. Ní mítà kẹsàn-án ipa náà sì ni sájẹ́ǹtì ti sàmì sí pé ó kàn án. Mọ́tò náà ì bá dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àyè tó ń bẹ láàárín wọn ì bá tó mítà méjì. Kìlómítà mẹ́jọ péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ó mú ìwé náà lọ sí ilé káfíńtà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó láàárín ìfọ́ igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣa ìṣó kékeré kúrò lára ńlá. Oníwọ̀n kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Ta ló wá pa á?"

"Àádọ́ta," ọkọ rẹ̀ ní. "Òfin ló fún un láàyè. Ibi tí èrò ti ń bọ́ọ́lẹ̀, tí akẹ́rù ń páàkì bó ṣe wù ú, kò yẹ kó ju ọgbọ̀n lọ."

Obìnrin náà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo àwọn nọ́ńbà tí kò yé e. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Nígbà tó yá, ó ní kí àwọn kọ ọ́ ní lẹ́tà sí ìjọba.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló padà sílé. Kì í ṣe pé ó ti dárí jì í; wọn kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kóòtù di òní. Àmọ́ òun ló ń gbé lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó títì, gbogbo ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní ẹnjiníà rìnrìn-àjò. Wọ́n ní fáìlì ti sọnù, kó mú ẹ̀dà mìíràn wá. Ní oṣù karùn-ún, mọ́tò gbá ọkùnrin kan tó ń ta bàtà lójú kan náà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Tọkọtaya náà lọ wọn ipa táyà ọ̀hún fúnra wọn, wọ́n sì fi í kún lẹ́tà kẹta.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, ìlà méjì. Wọ́n ní àwọn ti gba ìwé wọn, àwọn sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó Oníwọ̀n kà á lórí ìdúró, ó ká a, ó sì béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ibẹ̀ bóyá wọ́n ń ṣí ọ́fíìsì ní Ajé tó ń bọ̀.