Àdúrà Tí Wọ́n Yà Ní Fọ́tò

Ẹni tó bá ní ìyà ń jẹ Màmá Victoria kò dé ilé rẹ̀ rí. Victoria lorúkọ òun fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń gbin iṣu àti kòkó lẹ́yìn Emùré, kò sì tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò rí. Oko kòkó yẹn ló fi rán Dàpọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, níléèwé títí tó fi di olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ti oko bọ̀ nínú aṣọ oko tó ti gbó, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lẹ́bàá títì. Olúwaṣògo lorúkọ rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ọmọ náà mọ̀ ọ́n kí. Ó ní kí Màmá ṣàdúrà fún iṣẹ́ òun. Àgbà wo ni wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní ṣàdúrà? Màmá sọ igi ìdáná tó rù kalẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Olúwaṣògo ń ṣe àmín, ó ń ya fọ́tò. Kò béèrè bóyá ó fẹ́. Màmá náà kò fura, torí pé ọmọ tó mọ̀ọ̀yàn kí tó bẹ́ẹ̀, ta ló máa fura sí i?

Kò pẹ́ tí Dàpọ̀ fi rí ìyá rẹ̀ lórí pátákó ńlá lẹ́nu ọjà Ìkẹ́rẹ́, tòun taṣọ oko, tó tẹ́ ọwọ́. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló gbé e síbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ ṣàánú àwọn arúgbó tí ọmọ wọn pa tì." Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i ṣáájú. Wọ́n wá ń kí i bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ó fi ìbínú wálé. Màmá ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Àdúrà ni mo ṣe, Dàpọ̀. Uṣu kún ulé mi, kí ni mo fẹ́ tọrọ?"

"Màmá, mo rí ọwọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ọmọ tó bí gba fọ́tò gbọ́ jù ú lọ.

Àwọn ará àdúgbò wá Olúwaṣògo rí, ó bẹ̀bẹ̀ pé òun lòun fún ẹgbẹ́ náà ní fọ́tò, ẹgbẹ́ náà sì sọ pátákó kalẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ti wọ fóònù gbogbo ayé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Èmi ò rí òótọ́ tó bá eléyìí. Dàpọ̀ kò wá sílé mọ́.

Nígbà tí Kérésì kù díẹ̀, Joshua ọlọ́kadà gbé àpò ìrẹsì kan dé láti Ìkẹ́rẹ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yọ fóònù, ojú sì ń tì í.

"Ẹ má bínú, Màmá. Bùrọ̀dá Dàpọ̀ ní kí n yà yín bí ẹ ṣe ń gbà á. Wọ́n fẹ́ gbé e síta, kí ayé lè rí i."

Màmá bi í bóyá Dàpọ̀ ní kó kí òun. Joshua wolẹ̀, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára nígbà tí àwọn ń sọ̀rọ̀.

Màmá wá dúró ti àpò ìrẹsì. Joshua ní kó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, torí pé ọmọ rẹ̀ máa wò ó.